Ta Ló Ni Nigerian Open?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Warri àti Effurun, ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Jakpa

Mo kí àwọn ará Uvwie tó ni ilẹ̀ tí a jókòó lé, mo sì kí àwọn ìbátan wa Ìṣẹ́kírì tó bá wa pé, àwọn tí èdè wọn kò jìnnà sí tiwa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi, eré ìdárayá ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dá mi lójú pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Gọ́ọ̀fù ni mo gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dìde lọ báyìí, mi ò ní bínú, àmọ́ kó tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ lójú títì yìí, ìtàn ọmọ Fiji kan tí wọ́n lé kúrò nínú ìdíje Éṣíà, tó wá tún orí ara rẹ̀ ṣe ní Lagos, yóò ti kọjá rẹ̀.

Ìdíje tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni Nigerian Open, ìdíje àwọn agbágọ́ọ̀fù akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó fi pápá Ikoyi Club ní Lagos ṣe ilé. Ìparí àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó wà lára ọ̀wọ́ ìdíje tí wọ́n ń pè ní Safari Circuit, tó ń ti Nàìjíríà dé Ivory Coast, dé Kenya àti Zambia, tí Zimbabwe náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé, ọ̀wọ́ náà túká. Wọ́n ti jí orúkọ Nigerian Open dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù ń wọkọ̀ òfuurufú wá gbá, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, ìyẹn kò padà mọ́.

Bí ẹ bá bi àwọn tó mọ̀ nípa gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà, wọ́n á ní ọrọ̀ ajé ló pa á. Irọ́ kọ́, màá sì dé ibẹ̀. Àmọ́ ọrọ̀ ajé kò dán mọ́rán ní Kenya náà, Kenya Open kò sì kú. Èrò tèmi ni pé Nigerian Open kú nítorí pé kò sẹ́ni nílé tó gbà pé òun ló ni ín. Òyìnbó gbà pé ìdíje wa ni. Àwa gbà pé ti Òyìnbó ni. Ọmọ tí bàbá méjì ń nawọ́ ẹ̀ síra wọn, inú ebi ni yóò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé eré náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ihò 18 ló wà ní pápá. Ẹni tí ìgbá rẹ̀ kéré jù kí bọ́ọ̀lù tó wọ gbogbo ihò náà ló borí. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é, ihò 72 lápapọ̀. Iye ìgbá tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí ọ̀jáfáfá lò ni wọ́n ń pè ní pá. Pá ti Ikoyi nígbà tí mò ń sọ yìí jẹ́ 71 lójúmọ́. Ìyókù, ẹ bi ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo. Pápá gọ́ọ̀fù tí wọ́n mọ̀ mọ́ Shell wà ní Ogunu, àwọn kan nínú yín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ohun kan tí mi ò lè fò ni ọ̀rọ̀ ibi tí ihò wà. Ní ìlú Òyìnbó, koríko kúkúrú tí wọ́n ń gé lójoojúmọ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà ayé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí irú koríko bẹ́ẹ̀ dúró, omi àti òògùn tó sì lè mú un dúró wọ́n. Yanrìn ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Wọ́n á da epo pọ̀ mọ́ ọn, pàápàá èyí tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó le. Browns ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ikoyi lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ènìyàn tó rọra ta bọ́ọ̀lù sí ihò, kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá agbágọ́ọ̀fù gbé àpò, á kọ́kọ́ fa ọ̀pá gbọọrọ kan kọjá lórí yanrìn náà kí ojú rẹ̀ lè dán. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Warri, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín: epo, irú ohun tí wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ yín, ló wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀gá Lagos.

Kí ló wá ń gbé àwọn agbágọ́ọ̀fù Yúróòpù wá síbi yanrìn olóòórùn epo? Òtútù ni. Títí di ìparí àwọn ọdún 1980, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdíje kankan fún wọn ní Yúróòpù láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹta. Pápá ti di yìnyín, kò sì sẹ́ni tí yóò san kọ́bọ̀ fún wọn. Ọ̀gá tó ti lówó á lọ sinmi. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tó ṣì jẹ gbèsè owó ọkọ̀, á wá oòrùn lọ. Áfíríkà ni oòrùn wà, owó náà sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ rántí pé ayé epo la wà. Ní ọdún 1977, àjọ̀dún àṣà FESTAC ti kó gbogbo ilẹ̀ ènìyàn dúdú wá sí Lagos. Ní ọdún 1978, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Warri ní Ekpan, níbi tí kò jìnnà sí wa yìí.

Ọdún 1978 yẹn náà ni ọmọ ogún ọdún kan dé Ikoyi. Sandy Lyle ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Scotland tí wọ́n bí sí Shrewsbury ní England, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ìgbá 61 ló lò ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì ó lo 63. Àpapọ̀ ọjọ́ méjì jẹ́ 124, iye tó kéré débi pé ìwé Guinness tó ń kọ àwọn ohun tó tayọ láyé sílẹ̀ kọ ọ́. Òun ló gba ìdíje náà, ife àkọ́kọ́ tó gbà láti ìgbà tó ti sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́. Kí ọdún tó parí, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀dọ́ tuntun tó pegedé jù ní Yúróòpù. Ní 1985 ó gba Open Championship ti Britain. Ní 1988 ó di ọmọ Britain àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ẹni tó bá gba ìdíje Masters ní Augusta ní Amẹ́ríkà máa ń wọ̀.

Lyle kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bill Longmuir, ọmọ Scotland mìíràn, gba ife Lagos ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun ló ṣíwájú gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní Open Championship ti 1979. Gordon J. Brand láti England náà gbà á. Mi ò ní ka orúkọ wọn tán, kí oorun má baà gbé yín. Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ti ọdún 1981.

Bí mo bá ní kí ẹni tó ti gbọ́ orúkọ Peter Tupling rí na ọwọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn yìí, mo rò pé ọwọ́ tí màá rí kò ní pọ̀. Ọmọ England ni. Ní 1969, nígbà tí kò tíì máa gbá a fún owó, òun ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Open Championship, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò di olókìkí. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń ti pápá kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó wá di oṣù Kejì ọdún 1981, ó gbé àpò rẹ̀ wá sí Lagos.

Ọjọ́ kìíní, 63. Ọjọ́ kejì, 66. Ọjọ́ kẹta, 62. Ọjọ́ kẹrin, 64. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 255. Pá tí wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 284, ó fi ìgbá 29 dín in kù. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mike Souchak, ló ti lo 257 ní San Antonio ní Texas ní ọdún 1955, ọdún 26 ni iye yẹn sì fi dúró láìsẹ́ni tó rékọjá rẹ̀. Lagos ni wọ́n ti fi ìgbá méjì dín in kù. Guinness tún kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ: pápá náà kò le tó, oòrùn ti gbẹ ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi ń sáré, ìdíje náà kò tó ti Amẹ́ríkà. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n pápá kan náà ni gbogbo àwọn tó kù gbá, lábẹ́ oòrùn kan náà, wọn ò sì lo 255. Ẹ sì gbọ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo owó àti gbogbo koríko dáadáa wà, ó di ọdún 2001 kí Mark Calcavecchia tó lo 256 ní Phoenix, wọ́n sì ṣàjọyọ̀ rẹ̀ bí ohun tí ojú ò rí rí lọ́dọ̀ wọn. Ó ṣì fi ìgbá kan pọ̀ ju ti Lagos lọ. Ọdún 2003 ni Tommy Armour Kẹta tó lo 254. Láti 1981 sí 2003, ọdún 22 gbáko, kò sí ẹni tó ti inú ìdíje àgbà Amẹ́ríkà bọ́ síwájú ohun tí Tupling ṣe ní Ikoyi. Bí ó bá jẹ́ pé ní Dubai ló ti ṣẹlẹ̀ ni, wọn ì bá ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà.

Mo ti ṣèlérí ọmọ Fiji. Vijay Singh ni. Ní Fiji, bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú ló kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù. Ó gba ìdíje kan ní Malaysia ní 1984, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Indonesia, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó yí iye ìgbá rẹ̀ padà lórí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó ní irọ́ ni, títí dòní ohun tó ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje Éṣíà. Ó bá ara rẹ̀ ní erékùṣù Borneo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo àti iléeṣẹ́ igi ní bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn sọ pé kì í kúrò lórí pápá, pé bí oòrùn ṣe ń pa á ni ó ń gbá. Ó tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kó lọ sí Yúróòpù.

Ní 1988, ó gba Nigerian Open. Ó padà wá ní 1989, ó tún gbà á, ó sì kó ti Ivory Coast àti ti Zimbabwe mọ́ ọn lọ́dún kan náà. Kí 1989 tó parí, ó ti gba ìdíje kan ní Italy, ilẹ̀kùn Yúróòpù sì ṣí fún un. Ìyókù ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ohun àṣírí: PGA Championship ní 1998 àti 2004, Masters ní 2000. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ó yọ Tiger Woods kúrò lórí àga ẹni àkọ́kọ́ láyé, ọdún yẹn nìkan ló sì gba ìdíje mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà. Mi ò sọ pé Lagos ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí àwọn kan ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn, Lagos kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ìwà Lagos nìyẹn, ìwà Warri náà sì ni, ẹ̀yin tó ti ìlú mìíràn wá sí Jakpa mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ó wá kan owó. Ní 1981 tí Tupling gbá 255, náírà kan ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ. Onígbọ̀wọ́ ní Lagos lè kó náírà kalẹ̀ kí ọ̀dọ́ Òyìnbó sì fi ìdùnnú wọkọ̀. Nígbà tó yá, owó epo já wálẹ̀, ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Ní 1989 tí Vijay gba ife kejì, ó ti ju náírà méje lọ kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, ní oṣù Karùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí títì láti tako SAP, ìjọba sì ti ọ̀pọ̀ yunifásítì pa. Nígbà tó fi máa di 1993, dọ́là ti gòkè kọjá náírà ogún, ìbò ààrẹ ti June 12 ti dàrú, Lagos ń jóná. Ta ni yóò wá gbá gọ́ọ̀fù?

Ìdí kejì kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Yúróòpù rí oòrùn mìíràn. Ọ̀wọ́ ìdíje àgbà wọn ti kọ́kọ́ jáde kúrò nílé lọ sí Tunisia ní 1982. Ní 1989, ọdún kan náà tí Vijay gba ti Lagos, wọ́n ṣe Dubai Desert Classic àkọ́kọ́, lórí pápá tí wọ́n gbin koríko sí láàárín aṣálẹ̀, tí wọ́n ń fi omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ bomi rin. Owó Dubai jẹ́ owó àgbà, ìdíje rẹ̀ sì wà lára ìdíje àgbà tí Yúróòpù ń ka èrè rẹ̀. Lagos kò dé ipò yẹn rí. Ọ̀dọ́ wo ni yóò wá mí èéfín jẹnẹrétọ̀ ní Ikoyi bí ìdíje Dubai bá wà ní àsìkò kan náà? Lẹ́yìn náà, South Africa bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìdíje tiwọn náà padà sínú ayé. Zimbabwe Open lọ bá wọn.

Kenya ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ kó dùn wá nìyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kenya Open ní 1967. Òun náà wà nínú Safari, Seve Ballesteros gbà á ní 1978, Ian Woosnam gbà á ní 1986. Nígbà tí Safari túká, wọn ò jókòó sunkún. Ní 1991 wọ́n wọ Challenge Tour, ìdíje kejì ti Yúróòpù, ipò tó rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú àwọn kan. Wọ́n gbà á. Wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìdíje náà lọ, Kenya Open Golf Limited, tí àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Nairobi àti ilé ìfowópamọ́ ń bá ṣe pọ̀ lọ́dọọdún. Trevor Immelman gbà á ní 2000, ó wá gba Masters ní 2008. Ní 2019, Kenya Open wọ ìdíje àgbà Yúróòpù gan-an, ibi tí Lagos kò dé rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ má rò pé nítorí ọmọ Kenya ń gba ife náà ló fi wà láàyè. Ọmọ Kenya kankan kò tíì gbà á. Àlejò ló ń gba ti wọn, bí àlejò ṣe ń kó tiwa lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí àlejò bá lọ tán, àwọn kan wà ní Nairobi tó ń jókòó sórí ìwé ìṣirò owó, tó ń wá onígbọ̀wọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Níbi tiwa, bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá yí padà, tí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù bá fẹ̀yìntì, ìdíje náà á bá wọn fẹ̀yìntì. Ikoyi Club gbé ọdún 1938 mọ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tí àwọn Òyìnbó nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ náà mọ bó ṣe ń tọ́jú ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ìdíje kò rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan. Kádì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn agbágọ́ọ̀fù akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Nàìjíríà, ìsàlẹ̀ àpò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ọmọdé tó ń gbé ẹrù ọ̀gá kiri pápá, tó ń fi ojú kọ́ iṣẹ́, tí yóò yá ọ̀pá kan gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ti wọlé lọ mutí. Lagos ni wọ́n ti ń rí bí iṣẹ́ ṣe rí ní ìpele tó ga jù. Ẹni tó gbé àpò Lyle tàbí ti Vijay fún ọjọ́ mẹ́rin ti lọ sí yunifásítì gọ́ọ̀fù láìsan owó. Nígbà tí ìdíje kú, ilé ẹ̀kọ́ yẹn tì. Àwọn pápá tuntun ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan wà ní Ada ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ọmọ ìlú náà fi owó ara rẹ̀ kọ́, tó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n pápá nìkan kì í kọ́ ènìyàn níṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lówó, tó sì ń ronú láti jí Nigerian Open dìde, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Kó má tíì kọ lẹ́tà sí Yúróòpù. Kó kọ́kọ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ tí yóò ní ìwé ìṣirò owó tirẹ̀, tí ọ̀gá ẹgbẹ́ kan kò lè gbé lọ sílé. Kó ṣe ìdíje kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé, ní Ogunu, ní Port Harcourt, ní Ìbàdàn, kó sì san owó wọn ní ọjọ́ tó ní òun yóò san án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ na fóònù sí mi látàárọ̀, iṣẹ́ tiyín rọrùn jù. Àwọn kádì tó ṣiṣẹ́ ní Ikoyi ní 1978 àti 1981 ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí, àwọn kan ti kọjá rẹ̀. Ìwé Guinness kọ orúkọ Tupling, kò kọ orúkọ ẹni tó fa ọ̀pá kọjá lórí yanrìn fún un. Ẹ lọ wá wọn, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń gba tèmi yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ni wọ́n san fún wọn. Mo ti sọ tèmi. Alága, ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn.